Omi Inú Agolo

“Ọbẹ̀ nìyí àbí oúnjẹ ológbò?” Ọ̀rẹ́ ọmọ iléèwé kan tí wọ́n ń pè ní Alálàyé ló bèèrè bẹ́ẹ̀, tó ń fi àkísà nu omi tó dà sórí tábìlì nígbà tí wọ́n ṣí agolo kan.

Alálàyé bú sẹ́rìn-ín. Láti àárọ̀ ni ara rẹ̀ kò ti balẹ̀. Dókítà ẹranko tó wá ṣe adájọ́ ìdíje sáyẹ́ǹsì ti ṣèlérí pé ẹni tó bá gba ipò kìíní yóò wá bá òun ṣiṣẹ́ nígbà ìsinmi, kò sì sí ohun tí ọmọ náà fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Páálí rẹ̀ ń dán lára ògiri: nínú ọgọ́rùn-ún gíráàmù, oúnjẹ gbígbẹ inú àpò ní ọgbọ̀n gíráàmù èròjà amúaradàgbà, ti agolo ní mẹ́wàá péré. Ó wá fi lẹ́tà gàdàgbà kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé ti àpò ló dára jù fún ológbò, ẹranko tó jẹ́ pé ẹran ni oúnjẹ rẹ̀.

Ẹ̀rín kú mọ́ ọn lẹ́nu. Omi. Ó gbé agolo, ó ka ohun tí wọ́n kọ sí i lára: gíráàmù méjìdínlọ́gọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún ló jẹ́ omi. Ti àpò, mẹ́wàá.

“Mo ti ṣìṣe,” ó ní, ojú rẹ̀ ń tàn. “Mo ka omi mọ́ oúnjẹ. Tí a bá yọ omi kúrò, méjìlélógún ló kù nínú ti agolo, mẹ́wàá nínú rẹ̀ sì jẹ́ amúaradàgbà. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì! Ti àpò, ọgbọ̀n nínú àádọ́rùn-ún, ìdá kan nínú mẹ́ta. Ti agolo ló ṣíwájú.”

“Ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó,” ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ fèsì. “Ó ku tábìlì méjì kí adájọ́ dé ọ̀dọ̀ wa. Ta ló fẹ́ ka omi? Àbí ológbò ló máa wá fẹjọ́ sùn?”

Alálàyé wo páálí rẹ̀ tó mọ́ tónítóní. Ọkàn kan ní kó dákẹ́. Ó fa bírò pupa yọ, ó fi ìlà pa ọ̀rọ̀ gàdàgbà náà rẹ́, ó sì ń kọ ìṣirò tuntun lọ́wọ́ nígbà tí dókítà dé.

“Ta ló ba páálí yìí jẹ́?”

“Èmi ni, mà. Ohun tí mo kọ tẹ́lẹ̀ kì í ṣe òótọ́.” Ó ṣàlàyé, ọ̀rọ̀ ń sáré lé ara wọn jáde lẹ́nu rẹ̀.

Wọ́n gé máàkì rẹ̀ nítorí ìdọ̀tí. Ipò kẹta ló ṣe. Omijé ti lé ròrò sí i lójú kí dókítà tó fọwọ́ kàn án léjìká.

“Ẹni tó ṣe ipò kìíní yóò wá, mo ti ṣèlérí. Ìwọ náà máa bọ̀. Àwọn tí mò ń tọ́jú kò lè sọ̀rọ̀; bí ẹnìkan bá ṣi oògùn wọn wọ̀n, àfi kó fẹnu ara rẹ̀ sọ.”

Inú Alálàyé dùn débi pé ó gbàgbé láti kí i. Ó ti yé e wàyí: àtúnṣe tí èèyàn ṣe lójú gbogbo ayé lè gba ẹ̀bùn lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n òun náà ni í jẹ́ kí wọ́n lè fi iṣẹ́ lé e lọ́wọ́.