Ọjọ́ Àáró Tí Ayọ̀kúnlé Fi Ta Òkòtó

Baba wa jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó na ẹsẹ̀ òsì sórí àpótí. Yèyé wa bẹ̀rẹ̀ síwájú rẹ̀, ó ń fi epo pupa pa ojú egbò náà, ó sì ń rọra wé orí sòbìà, aràn tó ń yọ jáde lẹ́sẹ̀ rẹ̀, mọ́ ẹyọ ìgbálẹ̀ kan, díẹ̀díẹ̀, kó má bàa já sínú ẹran. Ẹni tí sòbìà kò bá já sí lára rí kò tíì mọ ohun tó ń jẹ́ ìrora. Baba kò ké. Ó kàn ń wo ìta, níbi tí òjò àkọ́rọ̀ ti ń kán sórí páànù ilé kejì ní Òkè-Ìlá, ní Adó.

"Ayọ̀kúnlé," ó ní, "òjò ti dé. Èbù iṣu ti ń hù lábà. Ẹsẹ̀ yìí ò ní jẹ́ kí n di ọkọ́ mú lọ́dún yìí. Ìwọ ni ọwọ́ mi."

Ẹ̀gbọ́n mi dọ̀bálẹ̀. "Mo gbọ́, Baba."

Ó gbọ́ lóòótọ́. Ẹ má rò pé ọmọ burúkú ni. Ọdún kejì tí ìjọba sọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́ ni mò ń sọ yìí. Ayọ̀kúnlé ti ka ìwé mẹ́fà tán, ó sì ti yege nínú ìdánwò àtiwọ ilé-ìwé Mọ́dàn, níbi tí wọ́n ti ń lọ lẹ́yìn rẹ̀ láyé ìgbà náà. Ọ̀fẹ́ tí ìjọba ń pariwo rẹ̀ kò dé Mọ́dàn. Iṣu Baba ni yóò san án. Bí a bá gbin èbù lásìkò, kí ọdún tó parí, Yèyé àti èmi Monínúọlá yóò ti máa ru iṣu lọ sí Ọjà Ọba, nígbà tí ọdún tuntun bá sì dé, ẹ̀gbọ́n mi yóò wọ aṣọ funfun Mọ́dàn. Gbogbo ọ̀rọ̀ ilé wa lọ́dún náà kò ju èyí lọ: kí ebè wà nílẹ̀ kí èbù tó bàjẹ́.

Ẹnì kan kò lè dá kọ ebè oko bí ti Baba wa. Ìdí nìyí tí a fi ń ṣe àáró. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè má mọ̀ ọ́n. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tó bára wọn mu yóò kóra jọ, gbogbo wọn á ṣiṣẹ́ lóko ẹnì kan lónìí, lóko ẹlòmíràn lọ́la, títí yóò fi kárí. Ọjọ́ tó bá kan ẹ, ìyá rẹ ni yóò se oúnjẹ fún gbogbo wọn. Ẹni tí wọ́n bá ṣe tirẹ̀ tí kò lọ ṣe tẹlòmíràn, ojú rẹ̀ ti wọlẹ̀ nílùú nìyẹn. Àwọn mẹ́ta ni Ayọ̀kúnlé bá wọnú àáró: Bámgbóyè, Olúmidé àti Adémọ́lá. Oko wọn kò jìnnà síra, lójú ọ̀nà Ìjàn.

Lọ́sàn-án, tí oòrùn bá mú, wọn a jókòó sábẹ́ igi, wọn a sì máa ta òkòtó. Òkòtó ni ìkarahun ìgbín kékeré tó ṣe ṣóńṣó. Ìka méjì ni wọ́n fi ń yí i lórí òkúta pẹlẹbẹ, á máa pòòyì. Bó bá fi ìdí délẹ̀ tó gbé ṣóńṣó sókè, ẹni tó yí i ló jẹ. Bó bá fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, wọ́n ti jẹ ẹ́ nìyẹn, á na ẹ̀yìn ọwọ́ sílẹ̀, wọ́n á sì fi òkòtó kàn án níbẹ̀. Eré ọmọdé ni. Èmi náà ta á rí.

Bámgbóyè ló yí eré náà padà. Ọmọ tó lẹ́nu dídùn ni, bó bá ń sọ̀rọ̀, àwọn tó kù á máa rẹ́rìn-ín. Ó wo Adémọ́lá tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí ẹ̀yìn ọwọ́, ó ní, "Ẹ wo bàbá onírùngbọ̀n tó ń sunkún ẹ̀yìn ọwọ́. Ẹ jẹ́ ká fi ọjọ́ àáró ta á. Ẹni tí wọ́n bá jẹ, á lọ ṣiṣẹ́ ọjọ́ kan lóko ẹni tó jẹ ẹ́, láìgba ọjọ́ padà."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì ta á. Ayọ̀kúnlé ló jẹ. Ọwọ́ Olúmidé ló ti jẹ ẹ́.

Ibi tí mo ti ń lọ ata lẹ́yìnkùlé ló ti wá bá mi nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, inú rẹ̀ ń dùn. Mo ní kí Olúmidé wá bá wa kọ ebè lọ́la nígbà náà. Ó ní kò sí ìkánjú.

"Ọjọ́ yẹn, n ò làágùn kí n tó rí i," ó ní. "Ọ̀fẹ́ ni. N ó fi ta á lọ. Bí wọ́n bá jẹ ẹ́, kí ló lọ? Tèmi ṣì wà níbẹ̀."

Wọ́n jẹ ẹ́. Kò bà á nínú jẹ́, ó ní ti Olúmidé ló lọ. Bẹ́ẹ̀, ọjọ́ tó jẹ kò yàtọ̀ sí ọjọ́ mìíràn: ilẹ̀ ìbá mọ́ sí i, ọkọ́ ìbá kọ ebè nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó bá wọlé láìlàágùn, a kì í mọ̀ ọ́n ní tiwa títí yóò fi jáde.

Ìgbà tó wá kan oko wa, Yèyé dá iná kí àkùkọ tó kọ. Ó se ẹ̀wà, ó sun iṣu tó kẹ́yìn nínú iṣu jíjẹ wa, ó ní a kì í fi ebi ṣe àlejò oko. Mo ru igbá oúnjẹ náà lọ. Nígbà tí mo dé oko wa, mi ò bá ẹnikẹ́ni. Ilẹ̀ wà bó ṣe wà, koríko ti ń yọ orí nínú rẹ̀. Mo dúró, mo pè, ẹyẹ nìkan ló dáhùn. Nígbà tó ṣe, mo gbọ́ ohùn wọn lókèèrè, lóko bàbá Bámgbóyè. Ibẹ̀ ni mo ru oúnjẹ lọ bá wọn. Ẹ̀gbọ́n mi ló wà níwájú, tó ń kọ ebè bí ẹni tí wọ́n dá nítorí rẹ̀.

Ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Mo fi ọjọ́ oko wa ta á, wọ́n sì jẹ ẹ́," ó ní. "Má sọ fún Baba. Kì í ṣe pé mo pàdánù rẹ̀ o, Móní. Ó wà lọ́wọ́ Bámgbóyè ni, bí ẹni fi nǹkan pamọ́ sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́. N ó gbà á."

"Ìgbà wo?"

"Kí n ṣáà dọ́gba. Bí mo bá ti dọ́gba pẹ̀lú wọn, n ò tún ní fọwọ́ kan òkòtó mọ́ láyé."

Mo sọ fún Yèyé. Yèyé pè é, Ayọ̀kúnlé dọ̀bálẹ̀, ó ní àwọn kàn pààrọ̀ ọjọ́ ni, pé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni tiwa. Yèyé wojú ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tó fẹ́ lọ sí Mọ́dàn, ó wojú èmi tí mi ò ka ju ìwé kìíní lọ, ó ní kí n yé fi ẹnu ba ẹ̀gbọ́n mi jẹ́.

Lẹ́yìn èyí ni bàbá Bámgbóyè wá kí Baba. Ó jókòó, ó bá a dárò ẹsẹ̀, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í yin Ayọ̀kúnlé. Ó ní ọwọ́ ọmọ náà yá ju ti ọmọ òun lọ, pé ebè òun ti parí tán, èbù òun ti wọlẹ̀, pé Baba bímọ. Inú Baba dùn débi pé ó fẹ́ dìde láti sìn ín jáde. Ó rò pé bí ọwọ́ Ayọ̀kúnlé bá yá tó báyìí lóko ẹlòmíràn, báwo ni yóò ṣe rí lóko ilé? Ẹ̀gbọ́n mi jókòó lẹ́bàá ògiri, ó tẹ orí mọ́lẹ̀, oúnjẹ tó wà níwájú rẹ̀ sì tutù síbẹ̀.

Ẹ lè bi mí pé, kí ni kò jẹ́ kó dáwọ́ dúró? Mo bi í. Bí òkòtó bá fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ fún un, á ní ó kù díẹ̀ kó dúró. Bó bá tún fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, á ní ìṣubú náà ti pọ̀ tó, pé dídúró ló kàn. Òkúta àti ìkarahun, wọn kò mọ ẹni tí wọ́n jẹ ní gbèsè. Ìgbà tó bá jẹ, á ròyìn rẹ̀ fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe rí, bí atẹ́gùn ṣe fẹ́. Ìgbà tí wọ́n bá jẹ ẹ́, á ní, "Èyí kò ka nǹkan." Gbogbo ọjọ́ tí wọ́n jẹ, ó ń fi ara rẹ̀ san án. Ó ń jí lọ, ó ń ti oko olóko bọ̀, ọwọ́ rẹ̀ ń bó. Oko wa sì dúró.

Ohun tí mo rí níjọ́ kan kò kúrò lójú mi. Mo gbé omi lọ fún wọn, mo bá Olúmidé tó ń bẹ̀ ẹ́. Olúmidé kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀.

"Ayọ̀, ọ̀rọ̀ yìí ti kúrò ní eré," ó ní. "Gbogbo wa la mọ̀ pé Baba yín ò lè dìde. Jẹ́ ká lọ kọ ebè yín lọ́la, èmi àti Adémọ́lá. N ò ní gba ọjọ́ kankan lọ́wọ́ rẹ."

Bámgbóyè pàápàá ní òun yóò bá wọn lọ. Ọ̀nà ṣí sílẹ̀ gbayawu níwájú ẹ̀gbọ́n mi. Ká ní ó sọ pé ẹ ṣeun ni, ìtàn yìí ìbá ti parí síbẹ̀.

"Ọjọ́ ìtọrẹ kò lè mú mi dọ́gba," ó wí. "Bí ẹ bá fún mi lọ́fẹ̀ẹ́, a jẹ́ pé ẹ ti jẹ mí títí láé. Èmi fúnra mi ni n ó gbà á. Ẹ gbé òkòtó wá."

Wọ́n gbé e wá.

Ìgbà tí òjò ti ń rọ̀ dáadáa ni ẹ̀gbọ́n mi wọlé lọ́jọ́ kan, tó ń kọrin. Sòbìà Baba ti jáde tán, egbò ló kù. Ayọ̀kúnlé wólẹ̀ fún un, ó sì sọ gbogbo rẹ̀, kò fi ìkankan pamọ́: òkòtó, ọjọ́ àáró, irọ́ tó pa fún Yèyé. Ó rò pé ọ̀rọ̀ náà ti parí.

"Ṣùgbọ́n ó ti tán, Baba," ó ní. "Òkòtó dúró fún mi lónìí, ó tún dúró, gbogbo ọjọ́ mi ni mo gbà. Mo ti dọ́gba. N ò jẹ wọ́n, wọn ò jẹ mí. Láti ọ̀la ni wọ́n ń bọ̀ wá kọ ebè wa."

Yèyé wò mí, ó sì gbójú kúrò.

Baba na ọwọ́ sí ọ̀pá rẹ̀, ó ní kí ọmọ òun fi èjìká ti òun lẹ́yìn. Ìgbà àkọ́kọ́ tó máa kúrò nílé láti ìgbà tí sòbìà ti dá a jókòó nìyẹn. A rìn, a sinmi, a tún rìn, títí a fi dé abà. Òórùn ti pàdé wa kí á tó dé ẹnu ọ̀nà. Ìhù àwọn èbù náà ti gùn bí okùn, wọ́n ti lọ́ mọ́ra wọn, wọ́n ń wá ilẹ̀ kiri. Baba mú ọ̀kan tó tóbi, ó gbé e lé ẹ̀gbọ́n mi lọ́wọ́. Ìka Ayọ̀kúnlé wọ inú rẹ̀ lọ, omi dúdú sì ṣàn sí i lọ́rùn ọwọ́.

"Èyí ńkọ́?" Baba bi í. Ohùn rẹ̀ kò le. "Báwo ni wàá ṣe mú èyí dọ́gba?"

Ẹ̀gbọ́n mi dúró síbẹ̀. Èbù náà wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò lè jù ú nù, kò lè gbé e kalẹ̀. Ibẹ̀ ló ti sunkún.

Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá lóòótọ́. Bámgbóyè kò yẹ àdéhùn, òun ló kọ́kọ́ dé. Wọ́n kọ ebè, a sì gbin ìwọ̀nba èbù tó ṣẹ́kù. Ṣùgbọ́n òjò tó yẹ kó bá iṣu nínú ilẹ̀ ti lọ, iṣu kì í sì í bi ènìyàn pé ta ló jẹ, ta ni wọ́n jẹ. Nígbà tí a wú u, kò ju ọwọ́ ọmọdé lọ. Yèyé kò ru nǹkan kan lọ sí Ọjà Ọba. A jẹ ẹ́ nílé, kò sì tó wa.

Nígbà tí ọdún tuntun dé, Bámgbóyè àti Olúmidé wọ aṣọ funfun kọjá níwájú ilé wa. Ẹ̀gbọ́n mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í ru amọ̀ fún bíríkìlà kan. Olúmidé dúró kí i, ó kí i padà tẹ̀rín-tẹ̀rín, ó sì yára gbé amọ̀ rẹ̀ lọ.

Kò di aláìríṣe. Ó kọ́ṣẹ́ bíríkìlà, ó sì mọ̀ ọ́n. Ilé tó mọ wà ní Adó títí dòní. Nígbà tí àwa méjèèjì ti hewú, a jókòó níta, àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ ń ta òkòtó nítòsí, ọ̀kan pariwo pé òun ti dọ́gba. Ó pa ojú dé. Ó ní, "Móní, ọjọ́ tí mo dọ́gba yẹn, èmi ni inú mi dùn jù ní gbogbo Adó. Ọjọ́ náà gan-an ni ohun gbogbo ti lọ tán, n ò sì mọ̀."

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo rí i tí ẹ ń ta tẹ́tẹ́ lórí fóònù yín. Mo ń gbọ́ tí ẹ ń sọ pé ẹ ó dáwọ́ dúró bí ẹ bá ti gba tiyín padà. Èyí tí ẹ bá jẹ, ẹ ní ọ̀fẹ́ ni. Èyí tí wọ́n bá jẹ yín, ẹ ní ó wà nípamọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ti sọ gbogbo rẹ̀ ṣáájú yín. Ẹni tó bá sọ nǹkan nù sínú tẹ́tẹ́, kó gbà pé ó ti lọ, kó dìde nígbà tí èbù ṣì le. Bí ẹnì kan bá sì ní òun yóò bá ọ kọ ebè lọ́fẹ̀ẹ́, dọ̀bálẹ̀ dúpẹ́, kí ẹ mú ọkọ́ lọ. Ohun tí o fi ta á lè padà wá bá ọ lọ́jọ́ kan. Àsìkò rẹ̀ kò ní bá a padà.