Ẹni Tó Wà Lábẹ́ Ọkọ̀

Ẹsẹ̀ méjì ni Kalavini kọ́kọ́ rí, tí wọ́n yọ jáde lábẹ́ píkọ́ọ̀pù ògbólógbòó kan létíkun Foa, erékùṣù kan ní Tonga. Lẹ́yìn náà ló rí ọmọbìnrin tó jókòó sídìí sítíárì, òdòdó pupa létí rẹ̀, ìdì aṣọ èèpo igi ga gogoro lẹ́yìn ọkọ̀ rẹ̀. Ó yí kọ́kọ́rọ́. Ọkọ̀ dún kẹ́, ó dákẹ́. Ó tún yí i, kẹ́ kan ṣoṣo náà ni. Ó wá ń fọwọ́ pa sítíárì lórí bí ẹni ń bẹ ọmọ tó ń ṣagídí, ohun tó sì wọ Kalavini lọ́kàn nìyẹn.

Káfíńtà ni Kalavini, ará erékùṣù Vavaʻu. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti wá kan òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì ni, kò tíì mọ ẹnikẹ́ni. Ẹnu rẹ̀ dùn, ó sì mọ̀ pé ó dùn, àrùn tó ń ṣe é nìyẹn.

"Arẹwà," ó ní, "mẹkáníìkì tó o mú yìí, oorun ló ń sùn lábẹ́ ibẹ̀. Fi í sílẹ̀, kó o máa tẹ̀ lé mi. Bó o bá lè fẹ́ mi, ẹ̀yìn ni màá fi pọn ẹrù ẹ dé èbúté."

Ojú ọmọbìnrin náà yí padà. Ẹsẹ̀ méjì náà rọra fà jáde, ọkùnrin gìrìwò kan sì dìde. Ó gbé òòlù ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, kò wo ẹnikẹ́ni lójú, ó bá ọ̀nà ilé rẹ̀ lọ.

"Ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn," ọmọbìnrin náà ní.

Kalavini fọwọ́ bo ẹnu. Ọmọ Tonga wo ni kò mọ̀? Ọ̀rọ̀ ìfẹ́ kì í jáde níbi tí ẹ̀gbọ́n ọkùnrin àti àbúrò rẹ̀ obìnrin bá jọ wà, ìtìjú ńlá ni fún àwọn méjèèjì. Ẹyin lọ̀rọ̀, òun ló sì fọ́ ọ sáàárín tẹ̀gbọ́n-tàbúrò.

"Mi ò mọ̀. Dákun."

"O ò béèrè. Ẹnu ẹ ló ṣáájú ojú ẹ dé ibí."

"Jẹ́ kí n bá ẹ wo ọkọ̀ náà, ó kéré tán."

"Wò ó. Ọkọ̀ ojú omi ò ní dúró dè mí."

Kalavini ti ṣiṣẹ́ lóko èso rí ní Ọsirélíà, níbi tí ògbólógbòó ọkọ̀ pọ̀ sí. Ó ní kó tan iná iwájú, kó tún yí kọ́kọ́rọ́. Kẹ́. Iná náà mọ́lẹ̀ rekete, kò ṣẹ́jú.

"Bátìrì kọ́. Ká ní òun ni, iná ì bá ti rọ. Kíkísítátà tó ń jí ẹ́ńjìnnì ló ti gbó." Ó mú òòlù, ó wọ abẹ́ ọkọ̀. "Yí i." Ó rọra gbá kíkísítátà náà níkùn, ẹ́ńjìnnì sì bú. "Má pa á o, títí wàá fi já ẹrù ẹ. Bó o bá pa á, kò dájú pé yóò jí."

"Seini lorúkọ mi," ọmọbìnrin náà ní. "Kepu ni ẹ̀gbọ́n mi. Bó ò bá rí i bá jókòó, má wulẹ̀ wá bá mi jókòó." Ó wakọ̀ lọ.

Kí n má purọ́, Seini ti fẹ́ràn rẹ̀ kó tó yà ní kọ́nà. Ṣùgbọ́n Kepu ló tọ́ ọ dàgbà láti ìgbà tí òkun ti gbé bàbá wọn lọ, kò sì ní torí ọkọ sọ ọ́ nù.

Ní Sátidé, Kalavini gbé gbòǹgbò kafa, tí wọ́n ń lọ̀ pò sómi mu nílẹ̀ wọn, lọ sílé Kepu. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó dorí kodò. "Ẹ̀gbọ́n, mo ṣẹ̀ yín. Ẹ foríjì mí." Kepu po kafa fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, igbá àgbọn ń lọ yíká, ó sì ń fo Kalavini. Lọ́sẹ̀ kejì ó tún fò ó.

"Káfíńtà," ọ̀kan nínú wọn ní, "àbí o ti kan ara ẹ mọ́lẹ̀ níbẹ̀ ni?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó dun Kalavini, èsì sì wà lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbé e mì. Bó bá dìde níbẹ̀, Seini ló sọ nù, òun náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó tún padà wá lọ́sẹ̀ kẹta. Lọ́jọ́ yẹn, igbá náà dúró níwájú rẹ̀, ọwọ́ Kepu ló sì nà án sí i.

"Seini ní o ní kóun tan iná ọkọ̀," Kepu ní, "ṣé ó rọ?"

"Rárá, ẹ̀gbọ́n. Ó mọ́lẹ̀ dáadáa."

"Kíkísítátà ni. Mo ti ra tuntun. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ gbé e dúró kí n tó lè dè é."

Láàárọ̀ Mọ́ńdè, ẹsẹ̀ mẹ́rin ló yọ lábẹ́ píkọ́ọ̀pù. Seini wà nídìí sítíárì, ó ń gbọ́ wọn: "Sípánà." "Òun nìyí, ẹ̀gbọ́n." "Fà á sókè." Kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn. Ẹ̀rín fẹ́ pa á, ó mú un mọ́ra.

"Yí i," Kepu ní.

Ẹ́ńjìnnì bú lẹ́ẹ̀kan náà.

Kepu fà jáde, ó nu ọwọ́ rẹ̀. Kò wo ẹnikẹ́ni lójú. Ó gbé òòlù sílẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ. Kalavini rò pé òun ti tún ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n Kepu kò gba ọ̀nà ilé. Ó lọ títí dé ìdí igi máńgòrò lọ́hùn-ún, níbi tí ohùn jẹ́jẹ́ kò lè dé, ó jókòó, ó kọ ẹ̀yìn sí wọn, ó ń bó máńgòrò jẹ.

Ìgbà náà ló yé Kalavini. Ó sún mọ́ fèrèsé ọkọ̀, gbogbo ọ̀rọ̀ dídùn tó ti tò sílẹ̀ sì sá lọ mọ́ ọn lẹ́nu.

"Seini, mo nífẹ̀ẹ́ ẹ. Ṣé wàá fẹ́ mi?"

"Kí lo wí? Ẹ́ńjìnnì ò jẹ́ n gbọ́."

"Bí mo bá pariwo, ẹ̀gbọ́n á gbọ́."

Seini wo ìdí máńgòrò, ó wo ojú Kalavini tí gírísì ti kùn. Ó na ọwọ́ sí kọ́kọ́rọ́, ó pa ọkọ̀ náà.

"Ó yá, ọkọ mi," ó ní, "tún un sọ."