Wàràwàrà àti Ìwé Àṣẹ Tí Kò Kà

"Ó tún ti padà o!"

Ìwé náà ń yọ lẹ́nu ẹ̀rọ ìtẹ̀wé bí ahọ́n ọmọ tó ń yọ ṣùtì síni. Wàràwàrà fà á yọ, ó wo ìlà àkọ́kọ́, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ lu tábìlì. Àṣìṣe ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀keje rèé láàárọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo.

"Kí lo tún fẹ́ kí n ṣe fún ọ?" ó jágbe mọ́ ẹ̀rọ ńlá tó wà lẹ́yìn ògiri gíláàsì.

"Kọ́mà ni," ni olùkọ́ wọn wí láti ìdí tábìlì tirẹ̀, láìgbójú sókè. "O fi àlàfo síwájú kọ́mà. Bó bá ti rí àlàfo, ó gbà pé ọ̀rọ̀ rẹ ti parí. Kò ní ka ìyókù mọ́."

"Àlàfo kan ṣoṣo, mà?"

"Ilẹ̀kùn kan ṣoṣo náà lolè ń gbà wọlé."

Inú bí Wàràwàrà débi pé ó kọjú sí gíláàsì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ki ẹ̀rọ náà bí ìyá rẹ̀ àgbà ṣe ń ki ọmọ olóríkunkun: "Onínú-tútù-bí-òkúta! Ọ̀mọ̀wé tí kò mọ àwàdà! A-rí-kọ́mà-bojú-jẹ́! Aláìlẹ́nu tó ń rán ẹlẹ́nu padà lẹ́ẹ̀méje!"

Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Olùkọ́ náà fi ìwé bo ẹnu tirẹ̀.

Bàbá rẹ̀ tó ń kan àga ló sọ ọ́ ní Wàràwàrà, torí oṣù mẹ́jọ péré ló fi rìn, kó sì tó pé ọdún kan, sísáré ló kù. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ẹ̀kọ́ girama. Òun àti àwọn márùn-ún mìíràn ń kọ́ṣẹ́ nílé iṣẹ́ kan tó ń bá àwọn ilé ìwòsàn tọ́jú àkọsílẹ̀. Ohun tí wọ́n ń kọ́ ni bí a ṣe ń kọ ìwé àṣẹ fún ẹ̀rọ ńlá. Ẹ̀rọ yìí kì í ṣe fóònù téèyàn ń tẹ̀ tó sì ń dáhùn lójú ẹsẹ̀. Ńṣe lèèyàn máa tẹ gbogbo ohun tó fẹ́ sórí kọ̀ǹpútà kékeré ní ìlà-ìlà: èmi lágbájá ni mo rán ọ níṣẹ́, fáìlì báyìí ni kí o ṣí, bó o bá ṣí i, báyìí ni kí o ṣe é. Ìwé náà á lọ tò sẹ́yìn ti àwọn ẹlòmíràn. Bó bá kàn án, ẹ̀rọ á ṣe é bí wọ́n ṣe kọ ọ́ gẹ́lẹ́, kò ní bi ẹnikẹ́ni léèrè pé ṣé ohun tó o ní lọ́kàn nìyí.

Ìdí nìyẹn tí olùkọ́ wọn fi ní òfin kan. Kí ìwé àṣẹ tó lọ, ẹni tó kọ ọ́ gbọ́dọ̀ kà á sókè sétí ẹnì kejì, kó sì sọ iṣẹ́ tí ìlà kọ̀ọ̀kan ń ṣe. Ẹnì kejì á wá buwọ́ lu igun ìwé náà pé òun gbọ́. Àwọn ọmọ kíláàsì wá ń pe olùkọ́ náà ní Ìyá Kà-á-sókè. Ó mọ̀, kò sì bínú.

Ọjọ́ ìdánwò ni ọjọ́ yẹn. Lẹ́yìn iṣẹ́ ìdánrawò òwúrọ̀, wọ́n fún oníkálukú ní iṣẹ́ gidi kan. Ẹni méjì péré ni wọ́n máa gbà síṣẹ́. Wàràwàrà kò gbàgbé ohun tí bàbá rẹ̀ sọ kó tó kúrò nílé.

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ lo ti ń kígbe kọ́mà, kọ́mà, sí mi létí. Ó ti sú mi! Bí wọn ò bá gbà ọ́ lónìí, ọjọ́ Ajé lo máa kó ẹrù rẹ lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, kó o lọ kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán."

Ẹ̀gbọ́n bàbá yìí, bó bá ń sọ̀rọ̀, wọn kì í gbọ́ ohùn máṣíìnì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

Iṣẹ́ tí wọ́n fún Wàràwàrà kò pọ̀: kó fi orúkọ mọ́kànlélọ́gbọ̀n tuntun kún orúkọ àwọn tó ń fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ. Orúkọ tó lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ló ti wà níbẹ̀. Ó kọ ìlà méjì, ó pa á rẹ́. Ó kọ mẹ́ta, ó pa á rẹ́.

"Kí lò ń da ara rẹ láàmú sí?" Ọ̀dọ́mọkùnrin tó jókòó tì í ló ń sọ̀rọ̀ lábẹ́lẹ̀. Àdàkọ ni wọ́n ń pè é, torí gbogbo ìwé àṣẹ àtijọ́ ló kó pa mọ́. "Ẹnì kan ṣoṣo ló kọ ìwé àṣẹ látìgbà tí wọ́n ti dá ayé. Àwa yòókù, dídà á kọ la ń dà á kọ. Gba èyí. Mo fi ṣiṣẹ́ lánàá, kò wí nǹkan kan. Ṣáà yí orúkọ fáìlì inú rẹ̀ padà."

"Kíkà sókè ńkọ́?"

"Ta ló fẹ́ fetí gbọ́ ìlà mẹ́wàá lọ́jọ́ ìdánwò? Mú un wá, mo ti gbọ́." Ó sì buwọ́ lù ú.

Wàràwàrà wo aago. Ó wo Ìyá Kà-á-sókè. Ohùn ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ń dún lórí rẹ̀. Ó yí orúkọ fáìlì padà, ó sì rán ìwé náà lọ.

Ìṣẹ́jú mẹ́ta lẹ́yìn náà, èsì dé: òdo. Lédè ẹ̀rọ yìí, òdo ló dùn jù. Ó túmọ̀ sí pé kò rí àléébù kankan. Wàràwàrà fò sókè, ó fi orúnkún gbá tábìlì, kò tilẹ̀ mọ̀ ọ́n lára.

Kò tó wákàtí kan tí fóònù dún. Nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn kan ni, ohùn rẹ̀ sì kún gbogbo yàrá.

"Kí lẹ fi orúkọ wa ṣe? A ní aláboyún kan níbí, a ń wá ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá tirẹ̀ mu. Ẹni mẹ́sàn-án ló wà níwèé yín lánàá! Lónìí, mo wá a títí, n kò rí ẹyọ kan. Gbogbo orúkọ tó kù ò ju mọ́kànlélọ́gbọ̀n lọ!"

Mọ́kànlélọ́gbọ̀n: iye orúkọ tí Wàràwàrà ṣẹ̀ṣẹ̀ rán lọ gan-an nìyẹn.

Ẹlẹ́rọ kan sáré wọlé. "Ó ní láti jẹ́ pé ẹ̀rọ ló bàjẹ́. Kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan nǹkan. Màá tú u wò. Wákàtí mẹ́ta, ó pẹ́ tán, mẹ́rin."

"Aláboyún yìí ò ní wákàtí mẹ́ta!" ni nọ́ọ̀sì ké.

Wàràwàrà fa ìwé àṣẹ rẹ̀ jáde, ó sì kà á fún ìgbà àkọ́kọ́. Níbi tó yẹ kí wọ́n kọ MOD sí, ìyẹn ni pé kí ẹ̀rọ lọ sí ìparí fáìlì kó fi tuntun kún un, OLD ló wà níbẹ̀, ìyẹn ni pé kó bẹ̀rẹ̀ láti òkè, kó kọ tuntun lé ti àtẹ̀yìnwá. Àkọsílẹ̀ ibùsùn tó ṣófo nílé ìwòsàn ni Àdàkọ fi ìwé tirẹ̀ ṣe, àràárọ̀ ni wọ́n sì ń pa ìyẹn rẹ́ kọ tuntun. Ẹ̀rọ kò ṣàṣìṣe. Ohun tí wọ́n ní kó ṣe ló ṣe.

"Panu mọ́," Àdàkọ sọ sí i létí. "Wọ́n ti ní ẹ̀rọ ló bàjẹ́."

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, bí Wàràwàrà bá dákẹ́, ti ẹlòmíràn ló máa bá a dákẹ́. Ó gbàdúrà kúkúrú kan nínú ọkàn, ó dìde.

"Ẹ̀rọ ò bàjẹ́, mà. Èmi ni mo pa orúkọ wọn rẹ́."

Ìyá Kà-á-sókè gba ìwé náà, ojú rẹ̀ bọ́ sórí ìlà náà lẹ́ẹ̀kan. "Ta ló gbọ́ kíkà rẹ?"

"Kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ, mà. Mi ò kà á."

"Ọwọ́ ta wá lèyí?"

Àdàkọ wo bàtà rẹ̀. "Tèmi ni, mà."

Obìnrin náà mí kanlẹ̀ bí ẹni tó ru igi dé láti oko jíjìn. "Ẹ ò ní pa mí! Ẹ̀yin ọmọ yìí ò ní pa mí!" Ó nawọ́ sí Wàràwàrà. "A ṣe ẹ̀dà fáìlì náà lówùúrọ̀ òní. Kọ ìwé àṣẹ tó máa dá a padà."

"Èmi, mà?"

"Àbí ẹ̀gbọ́n rẹ?"

Wàràwàrà kọ ọ́. Bó ti parí, ó na ọwọ́ sí bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń rán ìwé lọ.

"Kà á sókè."

"Mà, ẹ jọ̀ọ́, nọ́ọ̀sì ṣì wà lórí fóònù!"

"Kà á."

Ó kà á. Ìlà kọ̀ọ̀kan, obìnrin náà á ní, "Kí lèyí ń ṣe?" Ní ìlà kẹrin, Wàràwàrà dúró, ó ní, "Mo ti fi ẹ̀dà sípò ojúlówó, mà." Ó tún un ṣe. Ká ní ó ti rán an bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀dà kan ṣoṣo tó kù ì bá bá ìyókù lọ. Ìyá Kà-á-sókè buwọ́ lù ú, ìwé lọ.

"Wọ́n ti padà!" ni nọ́ọ̀sì kígbe. "Mẹ́sàn-án pé!" Kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹni méjì nínú wọn ti wá fẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, aláboyún náà sì bí tibi-tire.

Síbẹ̀, orúkọ Wàràwàrà kò sí lára àwọn méjì tí wọ́n gbà. Ti Àdàkọ náà kò sí.

"Oṣù mẹ́ta sí i, a ó bẹ̀rẹ̀ kíláàsì tuntun," ni Ìyá Kà-á-sókè wí. "Torí pé o sọ òtítọ́ nígbà tó le, àyè rẹ wà níbẹ̀. Àmọ́ láti ìlà àkọ́kọ́ ni o."

Bàbá rẹ̀ gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ náà, ó fi ọwọ́ méjèèjì mú orí. "Ọlọ́run mi ò! Ọmọ yìí!" Ó jókòó sórí àga tó ń kàn. "Ọjọ́ Ajé lò ń lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi, ìyẹn ò yẹ̀. Bí oṣù mẹ́ta bá pé, màá wá mú ọ fúnra mi."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń ka ìtàn yìí, iṣẹ́ ọwọ́ ẹlòmíràn tí a kàn dà kọ kì í mọ ìṣòro tiwa. Ẹni tó bá fi orúkọ ara rẹ̀ sábẹ́ ohun tí kò kà, ìyà rẹ̀ lè má dúró lọ́rùn rẹ̀ nìkan; ó lè dé ọ̀dọ̀ ẹni tí kò rí rí. Bí ẹsẹ̀ bá sì yọ̀, kí á tètè jẹ́wọ́, torí òtítọ́ tó bá yá ló ń gba ẹ̀mí là. Kí Ọlọ́run fún wa ní sùúrù láti kà á, àti ìgboyà láti sọ pé a kò kà á.