Ilé Tí Wọ́n Gbé Pamọ́ Sọ́wọ́ Ẹ̀gbọ́n

"Gbé máṣíìnì rẹ, kó o jáde nílé onílé."

Ẹ̀gbọ́n ọkọ ló sọ bẹ́ẹ̀ fún aránṣọ, nínú yàrá iwájú tí aránṣọ fi òógùn ọdún mẹ́sàn-án bá ọkọ rẹ̀ kọ́. Ẹ̀pà ló ń bó jẹ bó ti ń sọ ọ́, ó ń da èèpo sórí aṣọ oníbàárà.

"Ta ni onílé, Àǹtí?"

"Èmi. Ọkọ rẹ ti tà á fún mi. Ìwé wà lọ́wọ́ mi."

Irọ́ ni. Kò sẹ́ni tó ta nǹkan kan. Kápẹ́ńtà, ọkọ aránṣọ, ló ń gbé àlè wọlé lójú ọmọ. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ kó ẹjọ́ ìkọ̀sílẹ̀ lọ sí kóòtù, ó sáré tọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ, wọ́n jọ kọ ìwé èké pé ilé ti di ti ẹ̀gbọ́n. Bí adájọ́ bá fẹ́ pín ilé, kò ní rí ilé pín. Bí aránṣọ kò bá sì ní òrùlé lórí, ta ni yóò fi ọmọbìnrin ọlọ́dún méje sọ́wọ́ rẹ̀? Bíríkì ni wọ́n fẹ́ fi gba ọmọ lọ́wọ́ ìyá. Ìwà ìríra gbáà ni.

Aránṣọ kò bú wọn. Àwọn aládùúgbò ní kó gbé wọn ṣépè, ó ní òun níṣẹ́ lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ ọmọ nìkan ló ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Nígbà mìíràn, á ran etí aṣọ dópin kó tó rí i pé kò sí òwú nínú abẹ́rẹ́.

Lọ́jọ́ ìgbẹ́jọ́, ẹ̀rín ni kápẹ́ńtà ń rín wọlé. Ó ní ìyàwó òun kò nílé, òun ló níbi tí ọmọ máa gbé. Adájọ́ béèrè ẹni tó ni ilé náà. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun ni. Adájọ́ wá bi ẹ̀gbọ́n bóyá yóò gba bàbá àtọmọ láyè níbẹ̀ títí ọmọ á fi dàgbà.

"Bẹ́ẹ̀ ni" ni wọ́n ti jọ ṣàdéhùn nílé pé kó fi dáhùn. Ṣùgbọ́n ojúkòkòrò kì í gbẹ̀kọ́. Obìnrin yìí rí akọ̀wé kóòtù tó ń kọ gbogbo ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Ó mọ̀ pé bí òun bá ti gbà pẹ́nrẹ́n, òun kò ní lè lé àbúrò òun jáde mọ́ láé.

"Rárá o, Olúwa mi. Òpin oṣù yìí ni kó kó jáde. Ayálégbé ni mo fẹ́ fi sílé mi."

Kápẹ́ńtà fò dìde. Láti kékeré, "ẹ̀yin" ló ń pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó gbàgbé.

"Ìwọ olè yìí! Kí lo fi rà á? Ṣé kì í ṣe torí ìyàwó mi yìí la ṣe jọ kọ ìwé yẹn?"

Lọ́yà rẹ̀ fà á láṣọ. Ẹyin lọ̀rọ̀, ó sì ti bọ́.

"Ẹ ṣeun," ni adájọ́ wí. "Ẹ ti bá mi ṣe iṣẹ́ mi."

Ó fagi lé ìwé náà. Ó fi ọmọ sọ́wọ́ ìyá, ó ní kí ìyá máa gbé inú ilé títí ọmọ á fi dàgbà, kí bàbá kó jáde. Àlè rẹ̀ kò dúró gbọ́ parí.

Lẹ́nu ọ̀nà kóòtù, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ń bú ìyá ara wọn, bẹ́ẹ̀ ìyá kan náà ló bí wọn. Ọmọ, tí aládùúgbò kan mú dání níta, béèrè ohun tí wọ́n ń jà sí.

"Wọn kò ní nǹkan kan mọ́ tí wọ́n lè jà sí," ni ìyá rẹ̀ wí. "Jẹ́ ká máa lọ sílé wa."