Ohùn Tó Ṣáájú Ẹnu

Bí Nadine bá rántí ọjọ́ náà, páì ápù ló máa ń kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn. Corwin, àbúrò rẹ̀, ń jẹ ẹ́ lọ́wọ́ nígbà tí ohùn Corwin jáde nínú rédíò ọkọ̀.

Ọ̀sán gangan ni, nínú oṣù Karùn-ún, níwájú ilé epo Ìyá Opal, ní ìwọ̀-oòrùn Oklahoma. Ojú ọ̀run mọ́ kedere, àfi ìkùukùu kan ṣoṣo tó ń ga sókè lọ́ọ̀ọ́kán bí òkìtì ìyẹ̀fun. Ọdún mọ́kàndínlógún ni tẹ̀gbọ́n tàbúrò ti jọ ń lé ìjì tó ń yí bí òkòtó láti inú ìkùukùu kanlẹ̀. Wọn a sún mọ́ ọn, wọn a sì fi rédíò kìlọ̀ fún àwọn ìlú tó wà lójú ọ̀nà rẹ̀. Nadine kì í kúrò nídìí ọkọ̀, kì í pa ẹ́ńjìnnì, ibi tí wọ́n máa sá gbà ni imú ọkọ̀ ń kọjú sí. Corwin ni í mú rédíò ọwọ́ gun ibi gíga, a sì máa sọ ohun tó bá rí fún un.

Ìyá Opal ṣẹ̀ṣẹ̀ mú fọ́ọ̀kì wá bá wọn ni.

"Corwin, jẹun bí èèyàn. O ti fi ṣúgà kun irùngbọ̀n."

"Ẹ fi í síbẹ̀, Ìyá. Oúnjẹ alẹ́ mi ni."

Nadine ń rẹ́rìn-ín lọ́wọ́ nígbà tí rédíò ọkọ̀ ta pàrà.

"Mo wà lábẹ́ ẹ̀rọ alábẹ̀bẹ̀ kan tó ń fa omi fún màlúù. Abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ kan ti kán. Ìjì yìí dúró sójú kan, kò yà sọ́tùn-ún, kò yà sósì. Ẹ̀gbọ́n, ó mà lẹ́wà o."

Lẹ́yìn náà, kìkì híhó afẹ́fẹ́. Rédíò ọwọ́ Corwin wà lórí àga ẹ̀yìn, ní pípa. Páì kún ẹnu rẹ̀.

Ìyá Opal rẹ ohùn sílẹ̀. "Ṣé ìwọ kọ́ nìyẹn?"

"Ẹnì kan ló ń sín mi jẹ," ni Corwin wí. "Ó tiẹ̀ mọ̀ ọ́n ṣe."

Orí Nadine wú. Òun ló kọ́ Corwin lọ́dún àkọ́kọ́ pé ìjì tí kò bá yà sọ́tùn-ún tàbí sósì kò dúró rárá: ọ̀dọ̀ ẹni tó ń wò ó ló ń bọ̀.

"Jẹ́ ká padà sílé."

"Ẹ̀gbọ́n, ilé ìwé wà níwájú ìkùukùu yẹn. Ta ni yóò kìlọ̀ fún wọn?"

Nadine wo ìkùukùu náà. "A ó lọ. Ṣùgbọ́n a ò ní dúró níbi tí ẹ̀rọ alábẹ̀bẹ̀ kankan bá wà."

"Mo ti gbọ́, ìyá ìjì."

Corwin fi bébà wé páì tó kù, ó gbé e sójú dáṣíbọ́ọ̀dù. "Kẹ́nikẹ́ni má fọwọ́ kàn án."

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Corwin nàka síbi tó dára láti dúró; ẹ̀ẹ̀mẹta ni Nadine rí ẹ̀rọ alábẹ̀bẹ̀ lókèèrè tó sì wakọ̀ kọjá. Níkẹyìn, wọ́n dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè kékeré kan. Nadine wo yíká. Koríko àti wáyà ọgbà nìkan ló rí. Ojú ọ̀run ti di àwọ̀ ewé bí omi adágún, ẹyẹ kankan kò ké mọ́. Ìjì náà sọ̀ kalẹ̀. Nadine ké sí ìlú tó wà níwájú, wọ́n sì dáhùn pé àwọn ọmọ ti wọ yàrá abẹ́ ilẹ̀.

"Iṣẹ́ tán," ni Nadine wí. "Jẹ́ ká máa lọ."

"A ò mọ apá ibi tó ń yà sí. Ìṣẹ́jú méjì péré."

Corwin mú rédíò ọwọ́, ó gun òkè náà, ó sì sọ̀ kalẹ̀ sódì kejì. Nadine kò rí i mọ́.

Rédíò ta pàrà.

"Mo wà lábẹ́ ẹ̀rọ alábẹ̀bẹ̀ kan tó ń fa omi fún màlúù."

Ohùn rẹ̀ tutù, bí ẹni tó ń ka ohun tí ẹlòmíràn kọ.

"Corwin, sá! Máa bọ̀!" Nadine mọ̀ pé kò lè gbọ́. Ẹni tó bá tẹ bọ́tìnnì láti sọ̀rọ̀ kì í gbọ́ ẹnikẹ́ni títí yóò fi tú u sílẹ̀. Síbẹ̀ ó ń pariwo.

"Abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ kan ti kán."

Nadine tẹ fèrè ọkọ̀ mọ́lẹ̀. Afẹ́fẹ́ gbé ariwo rẹ̀ mì. Nadine mọ iye ọ̀rọ̀ tó kù.

"Ìjì yìí dúró sójú kan, kò yà sọ́tùn-ún, kò yà sósì. Ẹ̀gbọ́n, ó mà lẹ́wà o."

Lẹ́yìn náà, kìkì híhó afẹ́fẹ́. Corwin kò tú bọ́tìnnì náà sílẹ̀.

Páì náà kò tilẹ̀ yẹ̀ lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Ọjọ́ kejì ni wọ́n rí òkú Corwin nínú oko àlìkámà. Wọn kò rí rédíò ọwọ́ rẹ̀ títí di òní.

Ó ti pé ọdún mẹ́rin. Rédíò ọkọ̀ wà lórí tábìlì ìdáná Nadine. Bó bá di ọ̀sán oṣù Karùn-ún, tí ojú ọ̀run mọ́, a máa ta pàrà, bí ìgbà tí ẹnì kan tẹ bọ́tìnnì tí kò sì tíì sọ̀rọ̀. Nadine a jókòó tì í. Kì í fọwọ́ kan bọ́tìnnì tirẹ̀. Bó bá ń sọ̀rọ̀, kò ní lè gbọ́ Corwin.