Orúkọ Tí Ẹnikẹ́ni Kò Tẹ̀

Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. Bí ẹ bá ń ṣiyèméjì, ẹ bi Mobọ́lá. Mobọ́lá kì í gbè sẹ́yìn irọ́ mi. Kódà bí mo bá ń sọ òótọ́, ó máa ń kọ́kọ́ rò ó wò.

Ìníolúwa ni orúkọ mi, ọmọ Ìlobù. Òṣogbo ni mo ti ń ṣiṣẹ́, mo máa ń kọ ètò kọ̀ǹpútà fún àwọn iléèwé. Ọmọ Ìfọ́n ni Mobọ́lá, òun ni mo sì fẹ́ fi ṣaya. Ẹ mọ ìjà ilẹ̀ tó wà láàrin ìlú méjèèjì, mi ò ní í hú u síta níbí. Ohun tí bàbá rẹ̀ sọ ni pé, "A ó kọ́kọ́ ṣe ìwádìí."

Ìwádìí Bàbá Bámigbóyè kì í ṣe kékeré. Ọ̀gá iléèwé ni wọ́n. Wọ́n ti fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n ẹnu wọn ò tíì fẹ̀yìn tì. Odidi oṣù mẹ́ta ni wọ́n fi bi èèyàn léèrè ní Ìlobù: ta ló bí bàbá mi, àrùn wo ló wà nílé wa, ta ló jà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Wọn ò rí nǹkan kan. Ìyẹn gan-an ló ń bí wọn nínú.

Ní ọ̀sán Sátidé kan, wọ́n ní kí n gbé iṣẹ́ mi wá kí àwọn rí i. Mo dọ̀bálẹ̀. Mo ṣí kọ̀ǹpútà. Ọ̀rọ̀ pupa kún ojú rẹ̀.

"Kí nìyí?" ni Bàbá bèèrè.

"Ìkìlọ̀ ni, sà."

"Ìkìlọ̀? Kí lo ṣe?"

Mo ṣàlàyé pé ètò tí mo kọ kì í dá dúró. Ó gbára lé ètò kéékèèké tí àwọn ẹlòmíràn kọ, àwọn yẹn náà sì gbára lé ti ẹlòmíràn. Ẹni tó se ọbẹ̀ kọ́ ló gbin ata. Irinṣẹ́ kan wà tó máa ń ka orúkọ gbogbo ohun tí ètò mi gbára lé, á fi wé àkọsílẹ̀ àwọn àléébù tí àwọn èèyàn ti rí. Bí ọ̀kan bá ní ihò tí olè lè gbà wọlé, á kìlọ̀, á sì sọ bí ewu náà ṣe tó. Bí àtúnṣe bá wà, n ó gba ẹ̀dà tuntun.

"Bí kò bá sí àtúnṣe ńkọ́?"

"N ó yọ ọ́ kúrò, sà. Bí kò bá ṣeé yọ, n ó máa ṣọ́ ọ."

Bàbá bọ́ awò ojú wọn. "Ìwádìí ni kinní yìí ń ṣe! Kì í ṣe ìwọ ló ń wò, ẹni tí o fara tì ló ń wò." Inú wọn dùn bí ẹni rí ẹgbẹ́ rẹ̀. "Tẹ orúkọ ara rẹ sí i."

"Sà, kò mọ èèyàn—"

"Ṣebí Dádì ní kó o tẹ̀ ẹ́," ni Mobọ́lá sọ láti ẹnu ọ̀nà, tẹ̀ríntẹ̀rín.

Mo tẹ orúkọ mi, mo tẹ àwọn tí mo gbára lé: màámi, Àkànmú tó jẹ́ àbúrò bàbá mi, àti Uwais ọ̀rẹ́ mi. Mo mọ̀ pé irinṣẹ́ náà yóò ní òun kò mọ wọn rí.

Iná lọ. Fáànù dúró. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá a lọ. Ọ̀kadà kankan ò kọjá ní títì. Síbẹ̀ ọ̀rọ̀ ń jáde, ìlà kan tẹ̀lé ìlà kan. Yorùbá ni. Mi ò kọ́ ọ ní Yorùbá rí.

*Màámi: ewu kékeré. Kì í ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé.*

*Àkànmú: ewu díẹ̀. Ó ní òun ti fi ọtí sílẹ̀.*

*Uwais: kò léwu. Kó lọ gẹ irun.*

Mobọ́lá rẹ́rìn-ín títí tó fi jókòó sílẹ̀. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Mi ò sọ ọ̀rọ̀ ọtí yẹn fún ẹnikẹ́ni rí.

Ìlà kan tún jáde.

*Dọlápọ̀sí: ewu ńlá. Ẹ ò kọ ọ́; àwọn tí ẹ kọ ló gbára lé e. Àtúnṣe: kò sí. Kò ṣeé yọ.*

"Ta ni Dọlápọ̀sí?" Ohùn Bàbá ti le. "Ṣé o ti níyàwó níbòmíràn ni?"

"Mi ò mọ̀ ọ́n, sà. Mo fi Ọlọ́run búra."

Oṣù mẹ́ta ni wọ́n fi wá àléébù. Kọ̀ǹpútà mi fi ìṣẹ́jú kan bá wọn rí i. Mo rí i pé Mobọ́lá ń bọ́ lọ́wọ́ mi. Kí n má purọ́, omijé dé ojú mi.

Mobọ́lá fúnra rẹ̀ ló dìde. "Dádì, ẹ jẹ́ kó tẹ orúkọ tiyín náà."

"Ṣé èmi ni mo fẹ́ gbéyàwó?"

"Ẹni tó ń wádìí, ṣé kì í ṣe èèyàn ni?"

Wọ́n gbà, tìkọ̀tìkọ̀. Mo tẹ Bámigbóyè, mo sì tẹ orúkọ ẹni tí wọ́n gbára lé, ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin, Mọ́ríátù. Ìlà kan ṣoṣo ló jáde.

*Dọlápọ̀sí: ewu ńlá. Àtúnṣe: kò sí. Kò ṣeé yọ.*

Bàbá rọra ní, "Àbí ìbátan ni wá?" Ẹbí kì í fẹ́ ẹbí, gbogbo wa ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mobọ́lá di ọwọ́ mi mú lójú bàbá rẹ̀, ohun tí kò ṣe rí.

A lọ bá ẹ̀gbọ́n Bàbá yìí, tí a ń pè ní Ìyá, nílé kejì. Wọ́n ń bó ẹ̀gúsí. Wọ́n ti lé lọ́gọ́rin ọdún, etí wọn sì ti di; ẹni tó bá fẹ́ bá wọn sọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ pariwo. Bàbá dọ̀bálẹ̀ gbalaja, wọ́n sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Àǹtí mi, ta ni Dọlápọ̀sí?"

Ìyá gbọ́. Wọ́n gbé àwo ẹ̀gúsí sílẹ̀. Wọ́n ti ilẹ̀kùn. Wọ́n ti fèrèsé pẹ̀lú, nínú ooru yẹn.

"Ta ló dárúkọ rẹ̀?"

"Kọ̀ǹpútà ni, mà," ni mo wí.

"Ó ní kí ni?"

"Ó ní kò sí àtúnṣe."

Ìyá mirí. Wọn ò bèèrè ohun tó ń jẹ́ kọ̀ǹpútà. Wọ́n wò mí, wọ́n wo Mobọ́lá.

"Ṣé ẹbí ni àwọn ọmọ méjèèjì yìí?" ni Bàbá bèèrè.

"Rárá o."

"Kí wá ni?"

"Òun ló ni ilẹ̀ tí ìlú méjèèjì ń jà lé. Ẹ tètè ṣe ìgbéyàwó náà," ni Ìyá wí. "Kí oṣù yìí tó parí, kó tó gbọ́. Ẹ má sì fìwé pè é."

"Ṣé ó ṣì wà láyé ni, Àǹtí mi?"

Wọ́n ti padà sídìí ẹ̀gúsí. Etí wọn tún ti di.

Sátidé tó ń bọ̀ ni ìgbéyàwó wa. Bàbá Bámigbóyè ti fọwọ́ sí i, wọn ò sì bi ẹnikẹ́ni léèrè ohunkóhun mọ́. Inú mi dùn, ẹ̀rù sì ń bà mí. Màámi ń bi mí pé kí ló ń lé wa léré. Mo ní ìfẹ́ ni, wọ́n sì gbà mí gbọ́.