Odó Òfìfo Lókè Àkùrọ̀

Gbì. Gbì. Gbì.

Ẹni tó bá dàgbà sí ilé tí wọ́n ti ń gún iyán mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín ohùn odó tí iṣu wà nínú rẹ̀ àti ohùn odó òfìfo. Ti iṣu a máa rọ̀, a máa fà. Ti òfìfo a máa le, a sì máa dún wọ inú egungun èèyàn. Ní ìlú Rore, nígbà tí Alájì Yàhàyá wà lọ́mọdé, kò sẹ́ni tí í gún odó lófìfo ṣeré. Ìyá àgbà wọn nìkan ló ń gún un, ó sì nídìí.

Bí òjò bá ti ṣú dúdú lápá òkè odò, ìyá àgbà á yí odó jáde sí gbangba lórí òkè ẹ̀yìn ilé, á sì gbé ọmọ odó. Gbì, gbì, gbì. Gbogbo ẹni tó bá wà ní àkùrọ̀ nísàlẹ̀, tó ń já ṣọkọ, tó ń bomi rin ilá, á ju ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀, á gun òkè. Ìyá Yàhàyá á fà á lápá, wọ́n á máa sáré. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n á gun òkè tán tí òjò náà á yà sí ibòmíràn, tí oòrùn á tún là bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀.

Ó ti pẹ́ o. Alájì Yàhàyá ti darúgbó sí Mushin nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Ìyá rẹ̀ ti lọ. Rore ti di ibi tó ń lọ fún ìsìnkú àti ìgbéyàwó. Síbẹ̀, òun ni àgbà ẹbí. Bí kò bá tíì fọwọ́ sí i, ẹnikẹ́ni kì í fi ọkọ́ kan ilẹ̀ wọn.

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ báyìí, ọ̀rọ̀ ilé kéú ni. Alájì fẹ́ kọ́ ilé kan tí àwọn ọmọ Rore á ti máa ké kéú, kó sì fi orúkọ ìyá rẹ̀ pè é. Òun fúnra rẹ̀ ló mú ibi tí wọ́n á kọ́ ọ sí. Àkùrọ̀ yẹn náà ni, ibi tí ìyá rẹ̀ ti ń gbin ṣọkọ. Láti ìgbà tí wọ́n ti la títì, ibẹ̀ ti bọ́ sí etí ọ̀nà.

Ọjọ́ Jímọ̀ kan, wọ́n kí ìrun tán, Àfísù pè é lórí fóònù pẹ̀lú fídíò. Ọmọ àbúrò Alájì tó ti dolóògbé ni Àfísù, òun sì ni ààfáà tí yóò máa kọ́ àwọn ọmọ náà.

"Bàbá, ẹ kú ọ̀sán o. Àwọn bíríkìlà ti dé láti Àjàṣẹ́. Wọ́n ti na okùn sórí ilẹ̀. Ẹ kàn ní kí wọ́n ṣe Bisimilááhì, wọ́n á gbẹ́ ìpìlẹ̀."

Alájì ti lanu tán láti sọ ọ́ nígbà tí ohùn obìnrin kan já lu ọ̀rọ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì sọ ọ́."

Mardiyah ni, àbúrò Àfísù. Ó ń ṣiṣẹ́ ní Àjàṣẹ́ pẹ̀lú àwọn tó ń kọ́ àwọn ará ìlú bí wọ́n ṣe lè múra sílẹ̀ de ìjàmbá omi àti ìjì.

"Ó ti dé," Àfísù wí. "Láti àárọ̀ ló ti wà lẹ́nu orin yìí. Bàbá, ẹ má dá a lóhùn. Níbi iṣẹ́ wọn, bí ìkùukùu bá ti rékọjá, wọ́n á ní kí gbogbo ìlú kó ẹrù."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ ná."

"Kí ló dé, Mardiyah?" Alájì bi í.

"Ibẹ̀ rẹlẹ̀ jù, Bàbá. Omi lè gbà á."

"Omi wo?" ni Àfísù fèsì. "Ibí ni wọ́n bí mi sí, ibí ni mo dàgbà sí. Omi odò yìí ò kọjá orúnkún mi rí. Ó dáa, ìwọ tó ń ríran, ọdún wo ni omi ń bọ̀? Sọ ọ́ ká gbọ́."

"Mi ò mọ̀."

"Bàbá, ẹ ò gbọ́? Ó ní òun ò mọ̀."

"Mi ò mọ̀. Ẹ̀yin náà ò mọ̀. Ìdí tí mo fi ń bẹ̀ yín nìyẹn."

Mardiyah gba fóònù, ó fi í ti búlọ́ọ̀kù kan kí Alájì lè máa rí wọn. Ó mú igi, ó fi pín ilẹ̀ sí yàrá mẹ́rin.

"Bàbá, yàrá méjì tọwọ́ òsì, ti àkùrọ̀ ni. Méjì tọwọ́ ọ̀tún, ti orí àpáta tó wà lókè ẹ̀yìn ilé. Yàrá òkè, omi ò dé. Yàrá ìsàlẹ̀, omi dé. Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ sọ ohun tó wà nínú wọn, kì í ṣe èmi. A kọ́lé sí àkùrọ̀, omi ò sì dé. Kí la rí?"

"Ilé tó rẹwà létí títì. Ilẹ̀ tẹ́jú, iṣẹ́ á yá, gbogbo ayé á máa rí i."

"Mo gbà." Mardiyah já ewé tútù kan, ó fi sínú yàrá náà. "A kọ́ ọ sórí àpáta, omi ò dé."

"Wàhálà ni. Òkúta la ó máa fọ́. Àwọn ọmọ á máa gun òkè láàárọ̀ àti lálẹ́. Gbogbo ìlú á ní a ya òmùgọ̀."

"Mo gbà yẹn náà." Ó fi òkúta kan síbẹ̀. "Orí àpáta, omi wá dé."

"Àwọn ọmọ á jókòó sókè, wọ́n á máa wò ó."

Ó fi ewé síbẹ̀. "Ó wá ku ẹyọ kan. Àkùrọ̀, omi dé, àwọn ọmọ sì wà nínú ilé."

Àfísù gbójú kúrò lórí ilẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n?"

"Kò lè ṣẹlẹ̀."

"Bó bá wá ṣẹlẹ̀ ńkọ́?"

Wàláà kan, pákó tí ọmọ kéú fi ń kọ̀wé, wà lẹ́bàá ògiri, ìkọ̀wé àárọ̀ ọjọ́ náà ṣì wà lára rẹ̀. Mardiyah mú un, ó dojú rẹ̀ délẹ̀ nínú yàrá tó kù.

"Òkúta yìí wúwo," ó wí, "ṣùgbọ́n a lè gbé e. Èyí tí mo dojú rẹ̀ délẹ̀ yìí, ta ló lè gbé e? Bàbá, odò tí ẹ̀yin mọ̀ kọ́ ló wà níbẹ̀ mọ́. Wọ́n ti gé igi òkè odò sun èédú. Títì tí wọ́n gbé ga dí omi lọ́nà, ihò tó sì wà lábẹ́ rẹ̀ kéré. Òjò tó máa ń fi ọ̀pọ̀ ọjọ́ rọ̀ díẹ̀díẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó lè da gbogbo ara rẹ̀ sílẹ̀ lọ́sàn-án kan ṣoṣo. Ojú ọjọ́ ti yí. A ò lè fi orúnkún àná wọn omi ọ̀la."

Ohùn Àfísù ti rọ̀. "Ká ní a kọ́ ọ sórí àpáta, tí omi ò dé títí a fi kú ńkọ́? Wọ́n á ní ààfáà rí ìkùukùu, ó sá gun òkè. Èmi ni wọ́n á fi ṣe yẹ̀yẹ́, Mardiyah. Ìwọ ń padà sí Àjàṣẹ́ ní tìrẹ."

"Ẹ fún àwọn bíríkìlà lóúnjẹ," Alájì wí. "Mo máa ránṣẹ́ sí yín."

Ó gbé fóònù sílẹ̀. Ràfátù, ìyàwó rẹ̀, ń ṣa ẹ̀gúsí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ pátá ló gbọ́.

"Alájì, ẹ ò wá ṣe Bisimilááhì mọ́?"

"Ibẹ̀ ni ìyá mi ti ń gbin ṣọkọ."

"Mo mọ̀. Ẹ ti sọ ọ́ títí mo fi mọ ṣọkọ ìyá yín ju ewédú ìyá tèmi lọ."

"Mo fẹ́ kí wọ́n máa rí orúkọ rẹ̀ létí títì."

"Ta ni ẹ ń kọ́lé fún gan-an? Ẹni tó ń fi mọ́tò kọjá, àbí ọmọ tó máa jókòó sínú rẹ̀?"

Alájì gbójú sókè bí ẹni tó gbọ́ nǹkan lókèèrè. Ó rántí ọjọ́ kan tí odó dún, tí gbogbo wọn sáré gun òkè, tí ẹ̀kán òjò kan ò sì bọ́ sílẹ̀. Inú bí ìyá rẹ̀. Ṣọkọ tó já sílẹ̀ ti rọ sínú oòrùn. Ó ní, "Ìyá, odó yín tún parọ́ lónìí." Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín.

Ìyá àgbà nu ọmọ odó rẹ̀ nù. "Irọ́ odó ò pa ẹnikẹ́ni rí," ó wí. "Òtítọ́ omi ni kẹ́ ẹ bẹ̀rù."

Nígbà tí odó tún dún, ìyá Yàhàyá tó ráhùn yìí ló kọ́kọ́ gun òkè. Bó ṣe rí ní gbogbo ìgbà nìyẹn. Àwọn àgbà yẹn ò mọ ọjọ́ tí omi ń bọ̀, gẹ́gẹ́ bí Mardiyah ò ṣe mọ̀ ọ́n. Ohun tí wọ́n mọ̀ ni pé ṣọkọ tó rọ, a lè gbin òmíràn.

Alájì mú fóònù, ó tẹ ibi tí wọ́n ń gbohùn sí. Èyí ni iṣẹ́ tó rán sí gbogbo ẹbí lórí Wáàsáàpù:

"Èmi Yàhàyá ni. Ẹ tú okùn yẹn kúrò ní àkùrọ̀. Orí àpáta la ó kọ́ ilé kéú sí. Àfísù, bí wọ́n bá fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́, sọ fún wọn pé èmi Bàbá Èkó ni ojo. Yẹ̀yẹ́ wọn ò lè wọkọ̀ dé Mushin. Gbogbo ẹ̀yin tí ẹ bá tún fẹ́ kọ́lé tàbí dá oko lẹ́yìn èyí, ẹ má fi pé kò ṣẹlẹ̀ rí ṣe ẹ̀rí. Ẹ má sì dúró de ẹni tó máa dá ọjọ́ omi fún yín. Ẹ bi ara yín: bó bá dé, kí ni yóò lọ? Bí kò bá dé, kí ni a ó ti fi sílẹ̀? Àdánù tí ẹ lè gbé, ẹ gbà láti gbé e. Èyí tí kò sẹ́ni tó lè gbé, ẹ yà fún un. Ẹ lọ béèrè ibi tí omi ń gbà lọ́wọ́ àwọn tó mọ̀ ọ́n kí ẹ tó na okùn sórí ilẹ̀. Ẹ má kọ́lé dí ojú omi, ẹ má sì da ìdọ̀tí sínú ihò abẹ́ títì. Ẹ jẹ́ kí àkùrọ̀ máa jẹ́ àkùrọ̀. Kí àwọn ọmọ kéú máa gbin ṣọkọ síbẹ̀. Ìyẹn gan-an á rántí ìyá mi. Odó ìyá àgbà ṣì wà lẹ́yìn ilé ìdáná. Ẹ gbé e lọ sẹ́nu ọ̀nà ilé kéú tuntun. Bí òjò bá ṣú lókè odò, ẹ gún un lófìfo. Bó bá parọ́, ẹ rẹ́rìn-ín, kí ẹ sì tún gún un lọ́jọ́ mìíràn."